Ẹni Tí Yóò Bẹ́ Sómi Nítorí Rẹ

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù ọ̀dọ́ rò dáadáa kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé ọkọ̀ ojú omi, tàbí kí ó tó bọ́ aṣọ sí etí odò láti lúwẹ̀ẹ́. Ìbéèrè náà nìyí: ẹ̀mí ta ni ènìyàn fi ń ta tẹ́tẹ́ nígbà tí ó bá fi ojú di omi? Ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn lójú kan náà pé ẹ̀mí ara rẹ̀ ni. Ìdáhùn yìí dára, ṣùgbọ́n kò kún tó. Ohun tí mo fẹ́ kí ìwọ òǹkàwé bá mi yẹ̀ wò ni pé ẹni tí ó fi ojú di omi ti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn kún tirẹ̀, láì tọrọ àyè lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Bóyá ìwọ tí o ń gbé ní Pápálantó yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn ọ́, nítorí pé ìgbì òkun kì í dé ẹnu ọ̀nà wa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin tí ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá ń gbé ènìyàn lọ sí Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èrò ti ń wọ ọkọ̀ lórí ọ̀sà lójoojúmọ́. Odò Ògùn tí ó la Abẹ́òkúta kọjá, inú ọ̀sà kan náà ni ó ń lọ. Odò Ọyán, tí ó ń ṣàn wọ inú odò Ògùn, ni a sé tí a fi ṣe dáàmù ní ọdún 1983. Bí a bá sì tú omi rẹ̀ sílẹ̀ ní àkókò òjò, àwọn tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ní agbègbè Ewékorò pàápàá ni a ti ń wa òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, ibikíbi tí a bá sì ti gbẹ́ ilẹ̀ jinlẹ̀ ni omi òjò lè dúró sí. Jíjìn omi ni ó ń pa ènìyàn, kì í ṣe orúkọ tí omi ń jẹ́.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn ènìyàn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn láti máa gba ẹ̀mí là lórí omi. Ní erékùṣù Man, tí ó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, ni ọkùnrin kan ń gbé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Hillary. Ó rí bí ọkọ̀ ti ń fọ́ ní etíkun àti bí ènìyàn ti ń kú níbẹ̀, kò sì lè pa ẹnu mọ́. Akitiyan rẹ̀ ni ó mú kí a dá ẹgbẹ́ agbẹ̀mílà sílẹ̀ ní ọdún 1824, èyí tí à ń pè lónìí ní Royal National Lifeboat Institution. Títí di òní, èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ń bá ọkọ̀ ẹgbẹ́ náà jáde kì í ṣe òṣìṣẹ́ olówó oṣù. Olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ìpè bá dún, wọn a fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn a sì sáré lọ sí etíkun.

Ní alẹ́ ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, ọdún 1981, ìjì líle ń jà ní etíkun Cornwall, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù kan, Union Star, kú sórí òkun, afẹ́fẹ́ sì ń gbá a lọ sí ibi àpáta. Ẹni mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀. Ní abúlé Mousehole, ọkùnrin mẹ́jọ wọ inú ọkọ̀ agbẹ̀mílà tí à ń pè ní Solomon Browne láti lọ gbà wọ́n. Trevelyan Richards ni ọ̀gá atukọ̀ wọn. Kí wọ́n tó lọ, kò gbà kí ẹni méjì jáde wá láti inú ìdílé kan. Ó dá ọ̀dọ́mọkùnrin kan padà nítorí pé bàbá rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n sì kéde pé àwọn ti gba ẹni mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, a kò gbọ́ ohùn wọn mọ́. Gbogbo àwọn mẹ́rìndínlógún, olùgbàlà àti ẹni tí a fẹ́ gbà là, ni ó bá ìjì náà lọ. Kí ọjọ́ kan tó pé, àwọn ará abúlé náà tí iye wọn tó láti wa ọkọ̀ mìíràn ti yọ̀ǹda ara wọn láti rọ́pò àwọn tí ó kú.

Ro ọ̀rọ̀ ọ̀gá atukọ̀ yìí wò. Bí ó bá rò pé ewu kò sí, kí ni ìbá mú un dá ọmọ padà lẹ́yìn bàbá? Ó mọ̀ pé bí ọkọ̀ kò bá padà, ìyàwó àti ọmọ ni yóò ru ẹrù náà. Ó wọn ewu náà, ó ṣírò rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó lọ. Ìgboyà tòótọ́ nìyí: kí a mọ ewu tán kí a tó dojú kọ ọ́. Ǹjẹ́ bí ẹni tí ń gba ni là bá ń ṣírò báyìí, ṣé kò yẹ kí ẹni tí a lè wá gbà là ṣe ìṣírò pẹ̀lú?

Ìjì àti ẹ̀ńjìnnì tí ó kú ni ó pe àwọn ará Mousehole jáde. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín, ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002, Le Joola, ọkọ̀ ìjọba Sẹ̀nẹ̀gàl tí ó ń ti Ziguinchor bọ̀ wá sí Dakar, dojú dé nínú òkun lẹ́bàá ilẹ̀ Gámbíà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Iye èrò tí a ṣe ọkọ̀ náà fún kò tó 600; àwọn tí ó kú nínú rẹ̀ lé ní 1,800. Àwọn tí ó yè kò ju 64 lọ. Ta ni ó kọ́kọ́ ràn wọ́n lọ́wọ́? Àwọn apẹja ni, nínú ọkọ̀ ìpẹja wọn, kí àwọn tí ìjọba rán tó dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn sínú ìwé, kò sí ẹni tí ó ṣèlérí owó fún wọn. Wọ́n rí ènìyàn nínú omi, wọ́n sì na ọwọ́ sí i.

Àwọn kan a máa wí pé, "Ẹ̀mí mi ni, bí ó bá wù mí kí n wọ ọkọ̀ tí ó kún àkúnjù, kí ló kan ẹlòmíràn?" Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe gba èrò yìí láyè. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí o bá ń rì, ènìyàn búburú yóò dúró sí etí odò, yóò máa wò ọ́, kò sì sí ewu kan tí yóò ṣe é. Ẹni rere ni kò ní lè dúró. Òun ni yóò bẹ́ sómi. Nítorí náà, ẹni rere ni àìbìkítà rẹ lè pa pẹ̀lú rẹ. Bí aládùúgbò rẹ bá ti dára tó ni ewu tí o fà wá bá a yóò ti pọ̀ tó. Ṣé ó yẹ kí a fi irú èyí san oore fún ọmọlúàbí?

Síbẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ gba ni là náà ní òfin tirẹ̀. Òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ. Ẹni tí ń rì kì í sábà lè kígbe, nítorí èémí ni ó ń wá. Ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì bà ni yóò dì mú, ìbáà ṣe ọrùn olùgbàlà rẹ̀. Nítorí náà, bí a kò bá kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí, má ṣe bẹ́ sómi. Ké pe àwọn ènìyàn, ní pàtàkì àwọn atukọ̀ àti apẹja. Dùbúlẹ̀ sí etí odò kí o na ọ̀pá gígùn sí i. Ju okùn sí i, tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé lẹ́nu pinpin, kí ó lè dì í mú. Òkú méjì kò sàn ju òkú kan lọ.

Àwọn ohun tí ó yẹ kí o máa ṣe kò le. Wọ ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, kí o sì so okùn rẹ̀ dáadáa. Má ṣe wọ ọkọ̀ tí ó kún jù, má ṣe rin ìrìn òru lórí omi, má sì wọ ọkọ̀ nígbà tí ìjì bá ń ṣú. Má ṣe la àgbàrá kọjá, má sì lúwẹ̀ẹ́ nínú kòtò omi tí o kò mọ bí ó ti jìn tó. Èyí tí ó le níbẹ̀ ni ìtìjú: ẹgbẹ́ rẹ yóò wọ ọkọ̀ tí ó kún, wọn yóò sì pè ọ́ ní ojo nígbà tí o bá dúró. Jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù ejò ni kò jẹ́ kí a tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀.

Ọmọ mi, ẹ̀mí kò láàrọ̀. O kò mọ orúkọ apẹja tí yóò gbọ́ igbe lọ́jọ́ tí ọkọ̀ rẹ bá dojú dé, ṣùgbọ́n òun náà ní ilé, ó ní ìyàwó, ó sì ní àwọn ọmọ tí ń retí rẹ̀ ní àṣálẹ́. Bí o ti ń so okùn ẹ̀wù náà mọ́ àyà rẹ, rántí pé o ń ṣọ́ ẹ̀mí tirẹ̀ pẹ̀lú.