Tìróò Ọmọ-ọwọ́ àti Ẹ̀bi Ọlọ́jà

Bí ohun tí a rà lọ́jà láti fi ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́ bá di májèlé sí ẹni tí ó lò ó, orí ta ni ẹ̀bi náà wà? Ṣé ẹni tí ó ṣe é ni, tàbí ẹni tí ó tà á, tàbí ẹni tí ó rà á? Ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fi ara balẹ̀ gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi tìróò ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn ìyá wa a máa lé e fún ẹwà, àwọn mìíràn a sì máa lé e fún ọmọ-ọwọ́ pẹ̀lú. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin olóṣù 6 kan, tí ìdílé rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé tìróò tí a rà lọ́jà ní Nàìjíríà ni a ń lé sí ìpéǹpéjú rẹ̀. Wọ́n yẹ tìróò náà wò: nínú ìwọ̀n 100, 82.6 jẹ́ òjé. Òjé kì í pariwo. A máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ díẹ̀díẹ̀, débi pé ẹ̀kọ́ lè ṣòro fún un nígbà tí ó bá dé ilé ìwé.

Ìyá tí ó ń lé tìróò fún ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ ibi. Ìfẹ́ ni ó mú un ṣe é. Ẹni tí ó tà á lè wí pé bí ìyá òun ti tà á ni òun ń tà á. Ẹni tí ó lọ̀ ọ́ lè wí pé òkúta lásán ni òun lọ̀. Bí a bá gba àwáwí gbogbo wọn, a jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ọmọ náà ń jìyà. Ọkàn wa kò lè gba irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1932. Ní 1928, ní Paisley ní ilẹ̀ Scotland, May Donoghue mu ohun mímu inú ìgò. Ó ní òkú ìgbín tí ó ti jẹrà wà nínú rẹ̀, ó sì mú òun ṣàìsàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó rà á fún un, nítorí náà kò sí àdéhùn láàárín òun àti ẹni tí ó ṣe é. Síbẹ̀ Lord Atkin rántí ìbéèrè tí amòfin bi Jésù nípa ẹni tí í ṣe ẹnìkejì rẹ̀, ó sì dáhùn rẹ̀ ní ti òfin: ẹnìkejì wa ni gbogbo ẹni tí ìṣe wa lè kàn, tí ó sì yẹ kí a ti rò tirẹ̀ kí a tó ṣe nǹkan.

Ọmọ-ọwọ́ kò ra tìróò, kò sì lè kọ̀ ọ́. Nítorí náà, òun gan-an ni ẹnìkejì ẹni tí ó lọ̀ ọ́ àti ẹni tí ó tà á. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2018 láti dáàbò bo oníbàárà pẹ̀lú sọ pé ẹni tí ó bá pèsè ọjà tí ó ní àbùkù ni yóò dáhùn fún ibi tí ó bá ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìpalára ni òfin ń dé. Owó ìtánràn kò sì lè tún ọpọlọ ọmọ ṣe. Èrò mi ni pé àìmọ̀ lè jẹ́ àwáwí fún ẹni tí kò ní ọ̀nà àtimọ̀. Ẹni tí ó ń jẹ èrè ọjà ní láti wádìí ohun tí ó ń tà, láti ìgbà tí ó bá sì ti gbọ́, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ti di ẹ̀bi. Àwọn kan yóò ní kí a bá olùrà wí. Ó dára, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó wá fi àbọ̀ bá adìẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé ńkọ́? Bí ẹ bá rí tìróò ní ojú ọmọ aládùúgbò, tí ẹ mọ ohun tí ó lè wà nínú rẹ̀, tí ẹ sì kọjá lọ ní ìhà kejì, a kò ha ní kà yín mọ́ àwọn tí ó jẹ̀bi bí?