Ìdí Ọmọ Ta Ni Ká Fi Ìlẹ̀kẹ̀ Sí?

Aago mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí bàbá mi ti ìpàdé àwọn òbí dé. Mò ń lọ aṣọ ilé ìwé mi lọ́wọ́, nítorí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Bàbá jókòó, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní ìpàdé ti fẹnu kò: ilé kọ̀ọ̀kan yóò dá ₦5,000 kí a lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìwé girama tí ìlú wa ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ pípẹ́. Màmá mi kò tètè dáhùn. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Bàbá ọmọ mi, èwo nínú àwọn ọmọ yín ni yóò lọ síbẹ̀?"

Ìbéèrè náà kò rọrùn. Èmi ni àbíkẹ́yìn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ti jáde ilé ìwé. Èmi fúnra mi wà ní SS 2. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi ìpìlẹ̀ ilé ìwé náà lélẹ̀ lọ́la, màá ti ṣe ìdánwò àṣejáde kí wọ́n tó kan òrùlé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni owó WAEC mi kò tíì pé. Inú agolo mílíìkì kan ni màmá ń kó o sí, lábẹ́ àwọn aṣọ wọn nínú àpótí. Gbogbo wa mọ̀ pé agolo yẹn ni bàbá ń wò.

Màmá ní, "Ọmọ ẹni ò lè ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

Bàbá ní, "Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó."

Wọ́n lọ sùn. Èmi ni n kò lè sùn. Òtítọ́ ni òwe méjèèjì létí mi, ṣùgbọ́n wọn kò lè jọ ná ₦5,000 kan náà.

Kí ẹni tí kò mọ ìlú wa lè lóye ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. A ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta, a kò ní girama kan ṣoṣo. Ìlú kejì ni a ń lọ, kìlómítà 6 ní àlọ, 6 ní àbọ̀. Odò kan wà láàárín ọ̀nà, pákó ni wọ́n fi ṣe afárá rẹ̀. Nígbà òjò, a máa ń bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ sínú náílọ̀n, a ó so ó mọ́ báàgì, a ó sì di ara wa lọ́wọ́ mú títí a ó fi kọjá. Bí òjò bá rọ̀, a ó pẹ́. Bí a bá pẹ́, a ó kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì. Mo ti kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ nítorí òjò, bí ẹni pé èmi ni mo ní kó rọ̀. Ẹni tó bá lówó lè gun ọ̀kadà, ṣùgbọ́n bí epo ṣe ń wọ́n sí i ni owó ọ̀kadà ń lọ sókè, kò sì sí òbí tó lè san án lójoojúmọ́ fún ọmọ mẹ́ta.

A jẹ́ mọ́kànlá tí a jọ bẹ̀rẹ̀ JSS 1 láti àdúgbò wa. A ku márùn-ún. Kì í ṣe pé àwọn yòókù kò lọ́pọlọ. Ọ̀kan nínú wọn ló máa ń gba ipò kìn-ín-ní nínú ìṣirò nígbà tí a wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo máa ń ṣe ìkejì, inú mi kì í sì í dùn. Nígbà tí a dé JSS 2, àwọn ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lọ́nà nídìí odò yẹn nígbà tó bá ń dá nìkan bọ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó jókòó sílé. Ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ báyìí. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ aránṣọ. Òun ló tún aṣọ tí mò ń lọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà rán fún mi nígbà tó ya. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi í bóyá ìyẹn ló wù ú.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìwé sí ìlú wa, inú mi kò dùn tó bó ṣe yẹ. Mo rò ó lọ́kàn pé àwọn ọmọ Primary 4 wọ̀nyí yóò jí ní aago méje, wọn yóò mu ẹ̀kọ gbígbóná tán, wọn yóò fi ẹsẹ̀ kan dé kíláàsì. Àwa ńkọ́, tí a ti rin ìrìn yìí fún ọdún márùn-ún? Ó dà bí ẹni pé bí ọ̀nà náà bá kúrú fún wọn, ìyà tí mo jẹ ti di asán. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń sọ ọ́ níbí nítorí mo gbà pé àgbàlagbà púpọ̀ ló ní irú èrò yìí nínú, tí wọ́n kàn ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Wọn a ní, "Àwa náà rìn ín, a kò kú."

Ta ló tilẹ̀ yẹ kó kọ́ ilé ìwé? Nínú iṣẹ́ Government, a kọ́ pé abala 18 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ìjọba yóò pèsè ẹ̀kọ́ girama lọ́fẹ̀ẹ́ "nígbà tó bá ṣeé ṣe". Abala 6 kò sì fún ilé ẹjọ́ lágbára láti dá ẹjọ́ lórí orí kejì ìwé òfin náà, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí wà. Òfin UBE ti 2004 le díẹ̀ jù ú lọ: ọdún 9, láti Primary 1 títí dé JSS 3, lọ́fẹ̀ẹ́ àti ní dandan. Ó tilẹ̀ sọ pé òbí tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi lẹ́ẹ̀kejì pé kò rán ọmọ lọ sí ilé ìwé lè san ìtanràn ₦2,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Mo bi tíṣà wa pé bí òbí bá fẹ́ rán ọmọ lọ ńkọ́, tí ilé ìwé kò sí nítòsí? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n gbé ìbéèrè náà lọ sí ìdíje. Mo ti gbé e wá.

Bàbá mi sọ fún wa pé bàbá àgbàlagbà kan dìde níbi ìpàdé, tí wọ́n ní, "Kí ló dé tí a ó fi owó wa ra ohun tó jẹ́ tiwa? Bí a bá san ti ilé ìwé lónìí, lọ́la wọn yóò ní ká san ti ọ̀nà." Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo rò pé òótọ́ ni bàbá yẹn sọ nípa gbèsè tí ìjọba jẹ wá. Nípa àkókò ni wọn kò ti rò ó dé ìdí. Gbèsè lè dúró fún ogún ọdún kó ṣì máa jẹ́ gbèsè. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kò lè dúró ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí a bá ń ṣe ìjà ẹ̀tọ́ wa lọ́wọ́, àwọn ọmọ ń dàgbà kọjá rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn òbí kò kàn jókòó dáwó. Wọ́n ra ìwé àkọsílẹ̀, wọ́n wọ ojúlé dé ojúlé, wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó wà ní Primary 4 sí 6 títí ìwé náà fi kún. Wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́. Kò sí èsì. Wọ́n kọ òmíràn. Nígbà kẹta, wọ́n háyà bọ́ọ̀sì, wọ́n sì lọ fúnra wọn, àwọn ìyá gbé ọmọ pọ̀n lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wọn pé bí ìlú bá lè pèsè ilẹ̀ kí ó sì kọ́ kíláàsì mẹ́ta, wọn yóò wá wò ó. Ìdílé kan yọ̀ǹda ilẹ̀. Ohun tí n kò fẹ́ràn nínú gbogbo rẹ̀ ni bí àwọn àgbà ṣe dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀nárébù kan tó wá ṣèlérí, tí wọ́n ń dúpẹ́ bí ẹni pé apá àgbàdo tirẹ̀ ló fẹ́ bù fún wọn. Ẹni tó wá gba ẹ̀tọ́ kì í ṣe alágbe. Bàbá mi ní ọmọdé ló ń ṣe mí. Ó ṣeé ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà dá Ilesa Grammar School sílẹ̀. Wọn kò dúró de òyìnbó. Ṣùgbọ́n ìtàn tó wọ̀ mí lára jù ni ti 1955, nítorí ó kan ilé wa. Kí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, 1955, wọ́n bu owó lé owó orí, ṣílè 10 àti sísì. Àwọn èèyàn bínú gan-an. Ẹgbẹ́ Action Group fìdí rẹmi ní agbègbè wọn fúnra wọn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, owó yìí sì wà lára ohun tó fà á. Bàbá tó bí ìyá àgbà wa wà lára àwọn tó bínú. Ìyá àgbà ní oko ni bàbá àwọn sá lọ nígbà tí agbowó-orí dé, wọn kò sì wálé fún ọjọ́ mẹ́ta.

Síbẹ̀, nígbà tí ilé ìwé ṣí, wọ́n mú ìyá àgbà lọ. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ọwọ́ kọjá lórí kí wọ́n fi kan etí kejì. Ọwọ́ kan etí, wọ́n sì gbà wọ́n wọlé. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá bàbá wọn ti san ṣílè 10. Ìyá àgbà yìí ló kọ́ bàbá mi ní A B D kó tó di pé wọ́n mú wọn lọ sí ilé ìwé rárá.

Mo ń rántí èyí nígbà tí mo gbọ́ àbá tí ìgbìmọ̀ mú wá: pé ilé tí kò bá san ₦5,000 títí ọjọ́ tí wọ́n dá, wọn kò ní fún ọmọ ibẹ̀ ní fọ́ọ̀mù ní ọdún àkọ́kọ́. Mo mọ ohun tó fà á. Ó máa ń dun èèyàn kó ru bíríkì tán, kí ẹni tó jókòó sábẹ́ òjìji wá jókòó sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n àwọn wo gan-an ni kò san? Màmá alákàrà tó wà ní ìkóríta wa kò san, nítorí ọkọ wọn ti kú, ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́rùn wọn. Bàbá tó kọ́ ilé alájà méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọjà náà kò san, wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn wà ní ilé ìwé tí wọ́n ń gbé ní ìgboro. Ẹ ò rí i pé ìyà tí ìgbìmọ̀ fẹ́ fi jẹ àwọn méjèèjì, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò bà. Bàbá olówó kò ní ọmọ tí a lè dá padà. Ọmọ alákàrà ni yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Ká tilẹ̀ ní ẹnì kan lówó, tó sì ní ọmọ ní Primary 6, tó wá fi agídí kọ̀. Bàbá ló kọ̀, ọmọ kọ́. Mo mọ̀ pé wọn yóò bi mí pé, báwo ni a ó ṣe rí owó gbà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ẹ ka orúkọ rẹ̀ ní ìpàdé. Ẹ rán àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí i. Ìtìjú ṣì wà ní ìlú wa. Ṣùgbọ́n kí ọmọ rẹ̀ wọlé, bí ìyá àgbà mi ṣe wọlé.

Ohun kan tún wà tí n kò gbọ́ kí àwọn òbí sọ púpọ̀, èyí ni tíṣà. Níbi tí mò ń lọ, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ́ wa ní Physics láti SS 1 dé SS 3, inú ìlú yẹn kò sì dùn pé a fẹ́ kó ọmọ wa kúrò. Wọ́n ní bí a bá lọ, wọn yóò pín àwọn tíṣà díẹ̀ tó wà sí méjì. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe àsọdùn. Bí mo bá wà nínú ìgbìmọ̀, orúkọ tíṣà ni màá kọ́kọ́ bèèrè, kí n tó bèèrè páànù.

Mo padà sí òwe màmá mi. N kò lè pè wọ́n ní ahun. Ọdún méjì ni wọ́n fi kó owó inú agolo yẹn jọ, nínú èrè gàrí, ìdí mi sì ni ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń sọ. Bí WAEC mi bá bọ́, igba ojú ìlú kò ní bá mi san án. Nítorí náà òwe wọn tọ̀nà: ojúṣe òbí sí ọmọ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ wà. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé lẹ́yìn tí a bá ti fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹni, kí a so èyí tó kù mọ́ ọwọ́. Ọ̀rẹ́ mi aránṣọ yẹn, ìyá rẹ̀ fi gbogbo ohun tí wọ́n ní wò ó, kò tó, nítorí òbí kan kò lè dá kọ́ ilé ìwé sí ìtòsí fún ọmọ kan.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo kúnlẹ̀ kí màmá mi, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ mú ìdajì nínú agolo náà fún bàbá, pé èmi yóò máa pa èkùrọ́ tà ní ìsinmi láti dí àlàfo rẹ̀. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Èkùrọ́ wo ló fẹ́ san WAEC?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ yàrá, wọ́n ka ₦2,500, wọ́n sì fún bàbá. Wọ́n ní ìyókù di oṣù tó ń bọ̀, àwọn fúnra àwọn ni yóò sì mú un lọ sí ìpàdé, nítorí àwọn fẹ́ mọ ẹni tí owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.