Ìmọ̀ àti Ìgbàgbọ́ ní Abẹ́ Ọkọ̀ Àtijọ́

Ìbéèrè tí àròkọ yìí gbé yẹ̀ wò ni ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ wọ abẹ́ irin wúwo gbára lé kí ó tó wọ ibẹ̀: ṣé ohun tí wọ́n sọ fún un ni, ṣé ohun tí òun fúnra rẹ̀ fi ojú rí ni, àbí ààbò ẹni tí ó ń sìn? Ìbéèrè náà bá Ìrẹmọ mu, ìyẹn àdúgbò Ilé-Ifẹ̀ tí Ọbalúfẹ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, nítorí pé ní Ilé-Ifẹ̀, Ògún tí í ṣe òrìṣà irin kò jìnnà sí ìtẹ́ ọba. Irin ńlá tí à ń pè ní Ògún Ládìn wà ní ààfin Ọọ̀ni, ìtàn àtẹnudẹ́nu sì so ó mọ́ alágbẹ̀dẹ Odùduwà. Lọ́dọọdún, nígbà ọdún Ọlọ́jọ́, Ọọ̀ni a máa dé adé Aàrẹ lọ sí Òkè Mògún láti bọ Ògún.

Iṣẹ́ tí ó fi ìbéèrè yìí hàn kedere ni yíyọ axle ẹ̀yìn kúrò lára ọkọ̀ àtijọ́ ní àgbàlá ilé. Axle ẹ̀yìn ni irin gbọọrọ tí ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tí ó gbé eyín gíà sínú ikùn rẹ̀, tí ó sì ń gba agbára ẹ́ńjìnnì láti ara ọ̀pá kan tí ó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Nínú Morris Minor, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1948 títí di ọdún 1971, tí ó sì wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba ní ilẹ̀ Yorùbá láyé ìgbà náà, ara síprín pẹlẹbẹ tí a tò léra ni a fi bóòtì ẹlẹ́nu méjì de axle yìí mọ́. Ẹni tí ó fẹ́ yọ ọ́ yóò fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, yóò ki irin agbọ́kọ̀dúró sábẹ́ ara ọkọ̀, yóò tú táyà, ọ̀pá agbára, páìpù epo bíréèkì, wáyà bíréèkì ọwọ́ àti ṣọ́ọ̀kì, kí ó tó kan àwọn bóòtì tí ó dè é mọ́ síprín. Bíréèkì ọwọ́, tí gbogbo awakọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé láti dá ọkọ̀ dúró, táyà ẹ̀yìn ni ó ń dì mú. Nítorí náà, láti ìgbà tí táyà ẹ̀yìn bá ti kúrò nílẹ̀, bí a tilẹ̀ fa bíréèkì náà gbọin-gbọin, kò dá ohunkóhun dúró mọ́, òkúta tàbí igi tí a fi dí táyà iwájú nìkan ni ó kù.

Láti dáhùn ìbéèrè náà, ó yẹ kí a wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́. Ní ọdún 1986, Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀, tí wọ́n ti ṣe olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lórí ohun tí àwọn oníṣègùn ní agbègbè Èkìtì bá wọn sọ. Wọ́n fi hàn pé lójú àwọn oníṣègùn náà, ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tàbí tí a kà nínú ìwé, bí ó ti wù kí ẹni tí ó sọ ọ́ níyì tó, ìgbàgbọ́ ni títí a ó fi dán an wò. Bí a bá gba èyí, ìwé àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ kọ kò ju ìgbàgbọ́ lọ, ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì àgbà pàápàá kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ àtijọ́ tilẹ̀ mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i, nítorí pé ìwé ń sọ nípa ọkọ̀ bí ó ti kúrò nílé iṣẹ́, nígbà tí ọkọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kọjá: ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jó ibì kan pọ̀, kí ìpẹtà ti jẹ abẹ́ rẹ̀, kí bóòtì ọkọ̀ mìíràn sì ti wọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Jáàkì tí ó gbé ọkọ̀ lánàá lè sọ̀ kalẹ̀ lónìí bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti gbó tí epo sì ń jò; búlọ́ọ̀kù oníhò tí àwọn kan fi ń gbé ọkọ̀ dúró lè fọ́ lójijì láìkọ́kọ́ sán.

Ẹlẹ́sìn kan lè sọ pé irú àyẹ̀wò báyìí fi àìnígbàgbọ́ hàn. Èrò náà kò tọ́. Ní ilé ẹjọ́, oníṣẹ̀ṣe a máa fi irin búra, ohun tí ilé ẹjọ́ sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí ni ohun tí ó fi ojú rẹ̀ rí, kì í ṣe ohun tí ó gbọ́. Ẹni tí ó bá sọ níwájú irin pé ọkọ̀ dúró dáadáa nígbà tí kò tì í wò ó, ẹ̀rí tí kò ṣe ojú rẹ̀ ni ó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jésù kò gbà láti bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ḿpìlì nítorí ìlérí ààbò, hadith tí Tirmidhi kó jọ sì pàṣẹ pé kí a so ràkúnmí kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Wọlé Ṣóyínká, tí ó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ifẹ̀, tí Ògún sì gba ipò pàtàkì nínú iṣẹ́ rẹ̀, ni alága àkọ́kọ́ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988. Ògún àti ìṣọ́ra kò bá ara wọn jà nínú ìgbésí ayé rẹ̀.

Síbẹ̀, ìmọ̀ ní ààlà, nítorí pé ojú kò lè rí inú irin, bẹ́ẹ̀ ni sísán tí ó farapamọ́ sínú irin kì í hàn sí ẹni tí ó ń tú bóòtì. Ibẹ̀ gan-an ni àdúrà àti ìwúre ti ní ipò tí ó tọ́ sí wọn, lẹ́yìn tí a ti wo gbogbo ohun tí ojú lè wò. Kí ẹnikẹ́ni tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́ ní àgbàlá rẹ̀, ní Ìrẹmọ tàbí níbòmíràn, má ṣe wọ abẹ́ rẹ̀ nígbà tí jáàkì nìkan bá gbé e. Kí ó dí táyà iwájú, kí ó mi ọkọ̀ náà dáadáa lórí irin agbọ́kọ̀dúró kí ó tó wọ abẹ́ rẹ̀, kí ó sì rí i pé ẹnìkejì wà nítòsí.