ÌGBÁTÍ ORÍ ÒRÙLÉ
(Ẹ̀kọ́ láti inú Deuteronomi 22:8)



Mósè pàṣẹ fún Ísírẹ́lì pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa já bọ́ láti ibẹ̀. Ẹ kíyè sí ẹni tí Ọlọ́run di ẹ̀jẹ̀ náà rù: onílé ni. Kì í ṣe ẹni tó já bọ́, kì í sì í ṣe Èṣù.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, nítorí à ń kọ́ ilé Olúwa. A ó pe bíríkìlà, a ó ná an títí owó rẹ̀ á fi kéré, òun náà á lọ fi okùn gbígbó so ọparun pọ̀, á ní kí ọmọ iṣẹ́ gùn ún. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá já bọ́, a ó ní ayé ló ṣe é, a ó tan àbẹ́là. Àbẹ́là dára, ará. Ṣùgbọ́n ta ló ra okùn yẹn?

Kànga ńkọ́? Omi jìnnà nínú ilẹ̀ Kétu. Ẹni tó rán ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí ojú kò tó, láìsí okùn gidi, kí ni yóò wí?

Ẹ ka Ẹ́kísódù 21:28–29. Bí màlúù bá ṣèèṣì kan ènìyàn pa, olówó rẹ̀ bọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti máa ń kàn tẹ́lẹ̀, tí a ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀, tí kò sì so ó, ẹ̀bi ikú di tirẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni òfin ìjọba ń tọ̀. Òfin iṣẹ́ Bénin ti 1998 di ààbò òṣìṣẹ́ lé ọ̀gá lọ́wọ́. Òfin ọ̀ràn ti 2018 sì ka ikú tí àìbìkítà fà sí ẹ̀ṣẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀.

Ilé ìsìn kò yọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue ní Ìkòtún, l'Ékòó, wó. Ènìyàn 116 kú, ọ̀pọ̀ wọn ará South Africa tó wá gbàdúrà. Ìjọ náà ní ọkọ̀ òfuurufú kan ló fà á. Adájọ́ tó wádìí ikú wọn sọ ní 2015 pé àléébù inú kíkọ́ ilé náà ni, pé kò ní ìwé àṣẹ, ó sì ní kí a pe àwọn tó kọ́ ọ lẹ́jọ́. A kò sọ èyí láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ilé tiwa náà lè wó.

Bẹ́ẹ̀ náà, àwa tí kì í wọ bàtà sí sùtánà, kí a yé fi sùtánà gun ilé tí a ń kọ́. Ẹ bọ́ ọ, kí ẹ wọ bàtà.

Bí ikú bá sì ṣẹlẹ̀ ní ọgbà wa, kí a má gbé àpò ìrẹsì lọ bá opó, kí a wá ní kó dákẹ́ nítorí orúkọ ìjọ. Àwa fúnra wa ni kí ó lọ sọ fún ọlọ́pàá, kí a sọ iye tí a san àti ohun tí a kò rà.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, kí àwọn alàgbà bá bíríkìlà lọ wo igi tí wọ́n ń gùn. Kí iṣẹ́ dúró títí wọn ó fi wò ó tán.