Ṣé Ojú Nìkan Lọ̀rọ̀ Wà?

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní kíláàsì wa, a ti kọ òwe yìí sílẹ̀, a ti túmọ̀ rẹ̀, a ti gba máàkì lórí rẹ̀. Ẹni tí a bá jọ fojú kojú la lè bá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ohun tí a kọ nìyẹn. Àmọ́ láti ọdún tó kọjá ni òwe náà ti ń dà mí láàmú. Bí ojú bá ń rí ojú, tí ẹnu kò sì rí nǹkan sọ ju "pẹ̀lẹ́" lọ ńkọ́? Ẹni tí o kò rí ojú rẹ̀ rí, tó sì ń mú ọ rẹ́rìn-ín lóru, kí ni ká pè é? Ṣé ọ̀rẹ́ ni àbí kì í ṣe ọ̀rẹ́?

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Bó bá ti gbé e dé, eegun ẹsẹ̀ àti ti ẹ̀yìn á máa ro ó bíi pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò lórí ibùsùn. Àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò pa á tì o. Gbogbo Sátidé la máa ń lọ kí i. A óò ra ọsàn, a óò ra bisikíìtì, a óò tò yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká, a óò sì dorí kodò bí ẹni tó wá sílé ọ̀fọ̀. "Pẹ̀lẹ́ o." "Ọlọ́run á wò ẹ́ sàn." Òun náà á ní "Àmín", á sì yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ kan ni nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé òru ni ọ̀gbẹ́ni yìí máa ń rẹ́rìn-ín. Fóònù ló ń bá rẹ́rìn-ín! Àwọn kan tí wọ́n jọ ń ta chess lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ọ̀kan wà ní Kánò, ọ̀kan wà ní Gánà, òmíràn wà ní Íńdíà. Kò sí èyí tó mọ̀ nínú wọn pé ó wà ní ọsibítù.

Inú bí mi. Mo sọ ọ́ sí i lójú pé: "Àwa tá à ń wọ mọ́tò wá, o ò bá wa sọ̀rọ̀. Àwọn tí o ò mọ̀ rí lò ń bá ṣeré." Kò dá mi lóhùn.

Ìtàn kan tí mo kà lẹ́yìn ìyẹn ló bá a dá mi lóhùn. Ilẹ̀ Nọ́wè ló ti ṣẹlẹ̀. Mats Steen lorúkọ ọmọkùnrin náà, àrùn tí wọ́n ń pè ní Duchenne ni wọ́n sì bí mọ́ ọn. Àrùn yìí máa ń jẹ iṣan ara run díẹ̀díẹ̀, ọmọkùnrin ló sì sábà máa ń mú. Ọmọ náà á kọ́kọ́ rìn, á wá máa ṣubú, á dèrò orí kẹ̀kẹ́ arọ, nígbà tó bá yá, mímí gan-an á di iṣẹ́. Ẹni ọdún 25 ni Mats nígbà tó kú lóṣù kọkànlá ọdún 2014. Díẹ̀ nínú ìka ọwọ́ rẹ̀ ló kù tó ṣeé lò, òun ló sì fi ń ṣe eré World of Warcraft lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tó ń dun àwọn òbí rẹ̀ jù ni pé wọ́n rò pé ọmọ àwọn dá wà, pé kò ní ọ̀rẹ́, pé kò mọ ìfẹ́, pé ayé ò ní mọ̀ pé ó wá.

Bàbá rẹ̀ kọ ìròyìn ikú náà síbi tí Mats ti máa ń kọ nípa ara rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àfi bí ìwé ṣe ń wọlé láti ìlú òkèèrè! Àwọn tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ Starlight nínú eré náà ló ń kọ ọ́. Ibelin ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, géńdé tó ń sáré, tó sì ń ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní Netherlands sọ pé nígbà tí àwọn òbí òun gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ òun, Mats ló kọ lẹ́tà sí wọn láti bá òun bẹ̀ wọ́n. Ìyá kan ní Denmark ní ọmọ tí kì í jẹ́ kí wọ́n gbá òun mọ́ra. Mats ló gba ìyá náà níyànjú pé kó bá ọmọ rẹ̀ wọnú eré, inú eré ni ọmọ sì ti na ọwọ́ gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yẹn rìnrìn àjò láti ilẹ̀ mìíràn wá síbi ìsìnkú rẹ̀. Benjamin Ree ṣe fíìmù nípa rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2024.

Ẹ wò ó dáadáa. Àánú kọ́ ni Mats rí níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ló fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ fún wọn. Ohun tó rí ni pé wọ́n ń fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́. Lórí ibùsùn, gbígbà ni iṣẹ́ aláìsàn: á gba oògùn, á gba oúnjẹ, á gba àdúrà, á gba "pẹ̀lẹ́". Ilẹ̀ á ṣú, kò sẹ́ni tó gba nǹkan kan lọ́wọ́ òun náà. Ṣebí àwọn àgbà ló ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè? Àwa tí à ń lọ kí aláìsàn ló sọ ọ́ di ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó pẹpẹ, tí kò sì wọ akèrègbè.

Ẹnìkan lè ní: ẹni tó fi ara pamọ́, ṣé ó ń bá èèyàn ṣọ̀rẹ́ ni àbí ó ń tàn wọ́n? Ìbéèrè gidi ni. Mi ò ní sọ pé ó dára kéèyàn máa fi ara pamọ́ títí, Mats náà sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ nígbẹ̀yìn. Mi ò sì ní sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì tó. Chess ò lè gbé ọ̀rẹ́ mi dé ilé ìwẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ Starlight ló wẹ Mats. Àmọ́ kí ló dé tó fi jẹ́ pé àfi kí aláìsàn fi àìsàn pamọ́ kí a tó lè bá a ṣeré bí èèyàn? Ẹ̀bi ta ni?

Sátidé tó tẹ̀lé e, mi ò ra ọsàn. Ewì kan tó ti há sí mi lọ́rùn ni mo mú dání. Mo ní, "Bá mi wò ó, ìlà kẹta yìí ò lọ." Ó kà á, ó ní, "Ìlà kẹta kọ́, gbogbo ẹ̀ ni ò lọ." Ló bá gba bírò lọ́wọ́ mi, ó ń fagi lé e. Kò yíjú sí ògiri lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ojú ṣì lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ń lọ kí aláìsàn, ẹ bá mi béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.