Ta Ló Fi Wá Ṣe Aṣọ́nà?

Níbi ìgbéyàwó ọ̀kan nínú wa ní Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. A ti jẹun tán, a ń rántí ilé ìwé bí àwọn tó jọ kàwé pọ̀ ṣe máa ń ṣe, ni ẹnì kan nínú wa bá sọ pé, "Oṣù mẹ́ta tí a fi ṣiṣẹ́ l'Ékòó yẹn ló tún ayé wa ṣe." Kò rò ó kó tó sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ wa kan tí kò bá wa lọ sí Èkó lọ́dún náà wà nídìí tábìlì ọ̀hún. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ìgbà wo ni wọ́n gbé ìyẹn jáde? Mi ò gbọ́ sí i o."

A dákẹ́. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wa ní, "Àwọn tí GP wọn ga ni wọ́n ń wá nígbà yẹn."

Ó ní, "Ṣé wọ́n béèrè GP ni?"

A ò rí èsì fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí a padà délé, a wá ímeèlì àtijọ́ náà jáde. Ìlà mẹ́fà péré ni. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá ti wà ní ọdún kẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì fi prógíráàmù kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ránṣẹ́. Ó tán. Kò sí GP níbẹ̀ rárá. Ohun tó wà lókè ímeèlì náà ni ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ wa kọ nígbà tó ń fi í ránṣẹ́ sí àwa mẹ́rin: "Ẹ sọ fún àwọn tó bá lè ṣe é."

A ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé fún ẹni tí kò lọ irú fásitì tí a lọ. Máàkì márùn-ún ni wọ́n fi ń wọn èèyàn níbẹ̀. Ẹni tó bá ní 4.50 sókè, fọ́ọ̀sì kíláàsì ni. Ẹni tó bá wà láàárín 3.50 sí 4.49, tú-wán ló ń bọ̀. Àwa tó wà ní kíláàsì náà lé ní ọgọ́sàn-án, àwọn olùkọ́ ò sì tó nǹkan. Tó bá fi máa di ìparí ọdún kejì, gbogbo èèyàn ti mọ àwọn ẹ̀fikò, àwọn tó wà lójú ọ̀nà fọ́ọ̀sì kíláàsì. Olùkọ́ á mọ orúkọ wọn, àwọn yòókù á kàn jẹ́ nọ́ńbà lórí ìwé ìdánwò.

Dókítà kan ló mú àwa mẹ́rin. A lè kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ nígbàkígbà. Bí wọ́n bá ti yàrá kọ̀ǹpútà pa, ó máa ń fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Ó máa ń ní ká tẹ kóòdù wa sórí bébà, á wá fi bírò pupa kà á láti ìlà kan dé ìkejì. Bí a bá pe nǹkan kan ní "x" lásán, ó máa béèrè pé, "Ta ni x? Ṣé kò lórúkọ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ni?" Títí di òní, bí a bá ń kọ kóòdù níbi iṣẹ́, ohùn rẹ̀ ni à ń gbọ́. Kò sí ẹni tó fún ohun tó ń ṣe yìí ní orúkọ nígbà náà. "Dókítà fẹ́ràn àwọn wọ̀nyẹn" ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wa máa ń sọ.

Ọ̀rẹ́ wa yìí ńkọ́? 3.7 ló ní. Òun ló ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa láti fi san owó ilé ìwé. Bí àwa bá ń kàwé mọ́jú, òun á wà nídìí irin gbígbóná, á máa jó wáyà pọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, á wá lọ sùn ní kíláàsì aago mẹ́jọ. Méjì nínú wa ò mọ ohun tó ń jẹ́ pointer nínú èdè C títí di alẹ́ tó ṣáájú ìdánwò. Òun ló fi kọ́kọ́rọ́ yàrá àti nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn ṣàlàyé fún wa tó fi yé wa. Nínú ìdánwò yẹn, A ni àwa gbà. Òun gba C, torí pé ó pẹ́ dé.

A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Dókítà la fẹ́ bá wí. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè fi bírò pupa ka kóòdù ọgọ́sàn-án èèyàn. Dandan ni kó yàn. Bó bá sì máa yàn, ó sàn kó fi máàkì yàn ju kó fi ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọmọ ta ni ẹ yàn lọ. A ti rí èyí tó burú jù yẹn náà. Ẹni tó ṣiṣẹ́ fún GP rẹ̀ kò jí i. Torí náà, bí wọ́n bá ní kí olùkọ́ má ṣe ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ mọ́, a ò ní fara mọ́ ọn. Ohun tí Dókítà ṣe fún wa dára, a sì ń dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló fún wa, a sì da méjèèjì pọ̀. Àkókò rẹ̀ dà bí iṣu. Bí a bá ti gé e fún ẹnì kan, ó ti dín kù fún ẹlòmíì. Ìròyìn kì í ṣe iṣu. Ká ní a lẹ ímeèlì náà mọ́ pátákó ìkéde, kò ní gba ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ Dókítà. Kódà, òun fúnra rẹ̀ ti ní ká sọ ọ́. "Àwọn tó bá lè ṣe é" ni ọ̀rọ̀ tó fi lé wa lọ́wọ́, àwa la wá sọ ara wa di adájọ́ tó máa pinnu ẹni tó lè ṣe é. Ẹjọ́ náà ò pẹ́. Mẹ́rin la wà nílé ẹjọ́, mẹ́rin la dá láre.

Ẹnì kan nínú wa ṣì ń jiyàn pé a ò ṣe láburú. Ó ní kò sí ẹni tó jí nǹkan ọ̀rẹ́ wa, torí ohun tí kò sí lọ́wọ́ èèyàn, a ò lè sọ pé a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àríyànjiyàn yìí lágbára díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò sọ síta lọ́dún náà. Àyè tó wà l'Ékòó ò pọ̀. A mọ̀ pé ọ̀rẹ́ wa lè kọ prógíráàmù ju méjì nínú wa lọ. Bó bá gbọ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wa jókòó sílé. "Kò lè ṣe é" rọrùn láti sọ ju "ó lè borí wa" lọ. Bí a bá gbà gbọ́ lóòótọ́ pé kò lè ṣe é, kí ló dé tí a ò sọ fún un? Kí ni ìbá ná wa?

Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tàbí ti mẹkáníìkì, gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló máa ṣe fírídọ̀ọ̀mù bí àsìkò rẹ̀ bá tó, àti èyí tí ọwọ́ rẹ̀ yá àti èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ò yá. Ọ̀gá ò ní sọ pé ẹni tó mọ aṣọ gé jù lọ nìkan ni wọ́n á gbàdúrà fún. A máa ń fi èyí yangàn pé ìkọ́ṣẹ́ tiwa dáa ju ti òyìnbó lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ rí mọ̀ pé ọ̀gá kan wà tó jẹ́ pé bó bá kan ibi tó ṣe kókó nínú iṣẹ́, ìgbà yẹn ló máa rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra gààrí. Ọmọ náà á padà dé, iṣẹ́ á ti parí, á rí aṣọ ṣùgbọ́n kò ní rí bí wọ́n ṣe gé e. Bẹ́ẹ̀ la rán ọ̀rẹ́ wa lọ ra gààrí, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò mọ̀ pé ẹnì kankan rán òun níṣẹ́.

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn la ti ń wo ohun kan tí a ò kíyè sí tẹ́lẹ̀: ẹnu ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń fẹnu gbé kalẹ̀ máa ń há ju èyí tó wà lórí ìwé lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní fásitì ìjọba èyíkéyìí nípa sikọ́láṣíìpù MTN Foundation fún àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì. Ọ̀pọ̀ á ní ti àwọn fọ́ọ̀sì kíláàsì ni. 3.5 ni wọ́n ń béèrè. Ti Commonwealth tó ń gbé èèyàn lọ kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì, tú-wán lè gbé e. Google Summer of Code bẹ̀rẹ̀ ní 2005, gbangba ni wọ́n máa ń kó àwọn iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ sí, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á kó kà á. Títí di 2021, akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n ní 2022 wọ́n ṣí i fún àwọn mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Outreachy ní tiwọn máa ń béèrè irú ìdíwọ́ tó wà níwájú ẹni. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe lóru ì bá ti rí ọ̀rọ̀ sọ.

Kì í ṣe pé ibi tí wọ́n ti kọ òfin wọn sílẹ̀ ló dára jù. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀kan nínú wa ti lọ kàwé, fásitì ńláńlá máa ń ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fún àwọn tó mọ̀wé jù nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì. Barrett ní Arizona State University jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n ní ilé gbígbé tiwọn àti àwọn alámọ̀ràn tiwọn. Èèyàn lè ní ìyẹn burú, tàbí kó ní ó dára. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹni tí wọn ò gbà mọ̀ pé ilé kan wà tí wọn ò gbà òun sí. Ọ̀rẹ́ wa ò mọ̀ pé ilé kankan wà. (Ohun tó tún ń pa wá lẹ́rìn-ín ni pé "Honours" wà lára sítífíkéètì òun náà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lára tiwa.)

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀ka wa pè wá padà. Wọ́n fẹ́ ká máa tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ sọ́nà lọ́dọọdún, wọ́n sì fi orúkọ márùn-ún ránṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti ẹni tí GP rẹ̀ ga jù. A gbà á bẹ́ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ àti ìkejì. Lẹ́yìn ìgbéyàwó náà, a ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, kí ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ló dé. A ti mọ̀ pé iṣẹ́ máa pọ̀, a ò mọ̀ pé yóò pọ̀ tó yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń kà á lóru lẹ́yìn iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n kàn dà kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan nínú wa bínú, ó ní òun ò ṣe mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Nínú àwọn márùn-ún tí a wá mú, mẹ́ta ò sí lára orúkọ tí ẹ̀ka ì bá fi ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ti fi wá sílẹ̀ báyìí, kò gbé fóònù mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ní 4.8, tí a ò mú, kọ̀wé sí wa. Ìwé náà ní ọ̀wọ̀ nínú. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, bí ẹ kò bá wo GP, kí la wá fi ń kàwé mọ́jú?" A kọ èsì sí i lẹ́ẹ̀mejì, a pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ wà nínú ìbéèrè rẹ̀, torí ìlérí tí gbogbo wa jọ ṣe fún un láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni pé kó sáà mọ̀wé. Níkẹyìn, a ní kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kó wá jókòó tì wá. Ó ń wá. A ò mọ̀ bóyá ìyẹn jẹ́ èsì sí ohun tó béèrè.

Ọ̀rẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀bù ní Computer Village ní Ìkẹjà báyìí, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò bá wa jà. Ó ṣì máa ń bá wa tún láptọ́ọ̀pù ṣe, kì í sì í dín owó rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, a fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pé kó wá bá wa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tó wà nínú ikùn kọ̀ǹpútà, torí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó o nínú wa. Ọjọ́ kẹta ló tó fèsì. Ó ní, "Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí mo bá rí i, màá kà á."