Gbèsè Ẹni Tó Bèèrè Ọ̀rọ̀

Kí ọkọ̀ wa tó gúnlẹ̀ ní Mákòkó, àdúgbò orí ọ̀sà ní Èkó, lọ́jọ́ náà ni òórùn ẹja yíyan ti wọ aṣọ wa, tí èéfín sì ti ń ta wá lójú. Ìyá tí a kọ́kọ́ bá jókòó lórí pákó ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń fi ìka lásán yí ẹja padà lórí ààrò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìyára. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ni wá nígbà náà, àwa mẹ́ta. A kó ìwé ìbéèrè dání, nítorí ẹni tí kò bá ṣe ìwádìí kò ní gboyè.

"Ẹ kú ìdáná o, Ìyá."

Ó fi Yorùbá tí ahọ́n Ègùn wà nínú rẹ̀ dá wa lóhùn, ó ní kí a jókòó. A bi í ní iye ọmọ tó bí àti iye tó kù. A bi í ní iye tó fi ń ra omi lójúmọ́, àti ibi tó ń gbé ọmọ lọ bí ara ọmọ kò bá yá lóru. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ ìwé, ó mú ẹja kan tó ti gbẹ dáadáa, ó fi lé ọ̀kan nínú wa lọ́wọ́, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn kan ti wá bi wá báyìí rí. Wọn ò padà wá. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ní kí ẹ padà wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa."

A ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá. A máa padà wá."

A kò padà lọ. Ohun tó burú ju ìyẹn lọ la sì tún ṣe. Igba èèyàn ni olùkọ́ wa ní kí a bi léèrè ọ̀rọ̀. A kò tíì bi ju márùndínláàádọ́ta lọ tí owó ọkọ̀ fi tán lọ́wọ́ wa. A padà sí yàrá, a jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, a pín báírò, a sì fi ọwọ́ ara wa kọ èsì àwọn tó kù. A bímọ fún àwọn obìnrin tí kò sí láyé, a sì pa díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà kí ìṣirò lè bára mu. Olùkọ́ gbà á lọ́wọ́ wa. A gboyè.

Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òkèèrè ni mo dúró sí tí mo ń nàka sí ẹlòmíràn. Ìwà tó ń jẹrà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bèèrè ọ̀rọ̀ ti jẹ gbèsè. Babaláwo tó da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ kì í kó o ńlẹ̀ láì sọ ohun tó rí, ì báà ṣe ire, ì báà ṣe ibi. Bó bá dákẹ́ tó sì gba owó, olè ni. Ìwádìí àwọn ọ̀mọ̀wé kò yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó tú àṣírí ilé rẹ̀ fún ọ ti fi nǹkan pamọ́ sí ọ lọ́wọ́, ó sì yẹ kí o dá a padà fún un lẹ́yìn tó bá ti di ìmọ̀.

Ẹ wo bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe sún mọ́ àwọn èèyàn yìí tó. Ní 1962 ni wọ́n dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀, Akọkà ló sì wà, létí ọ̀sà kan náà tí Mákòkó dúró lé. Afárá Third Mainland tí wọ́n parí ní 1990 gba iwájú àwọn méjèèjì kọjá. Síbẹ̀, ẹ bèèrè iye èèyàn tó ń gbé Mákòkó. Àwọn kan á ní nǹkan bí 85,000, àwọn mìíràn á ní ó ju 250,000 lọ. Odindi ìlú lè sọnù sáàárín iye méjèèjì yìí. Láti 2006 ni orílẹ̀-èdè yìí kò tíì ka èèyàn mọ́.

Ẹni tí a kò kà, ó rọrùn láti lé. Ní oṣù Keje 2012, ìjọba fún àwọn ará etí omi náà ní wákàtí 72 kí wọ́n kó kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ àárín ilé onígi lọ wó wọn. Ìbọn ọlọ́pàá pa olóyè àdúgbò kan láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n a fá orí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn láì bi wọ́n pé, "Níbo lẹ máa sùn lálẹ́ òní?"

A kò lè sọ pé a kò mọ ohun tí irú èyí ń fà. Ní 1955, LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún Èkó ṣe nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí Súrùlérè. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìlú Ọba kan, Peter Marris, wọ ilé lọ bá àwọn tí wọ́n kó lọ àti àwọn tó kù sẹ́yìn. Ó gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tó rí kò ṣòro lóye: obìnrin tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀ kò rí oníbàárà mọ́, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè, àgbàlagbà tí mọ̀lẹ́bí yí ká tẹ́lẹ̀ wá dá wà. Ilé tuntun náà dára, ṣùgbọ́n agbo ilé ti fọ́. Ìwé yìí ti pé ọdún 29 nígbà tí ìjọba ológun wó àdúgbò Màrókò ní Èkó ní oṣù Keje 1990, tí nǹkan bí 300,000 èèyàn sì di aláìnílé. Ìmọ̀ wà nílẹ̀, ìwà tí à bá fi lò ó ni kò sí.

Kì í ṣe pé a kò ní irú ìwà bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1950, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí yunifásítì dé Ìbàdàn, wọ́n dá ilé ìwádìí sílẹ̀ níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwùjọ àti ètò ọrọ̀ ajé fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òun ló di NISER. Ìbàdàn náà ni Akin Mábògùnjẹ́ ti kọ ìwé rẹ̀ lórí ìlú ńláńlá Nàìjíríà, tó jáde ní 1968. Nígbà tó yá, òun àti Òjétúnjí Abọ́yadé tó jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé lọ sí Awẹ́, ìlú Abọ́yadé fúnra rẹ̀. Wọ́n bá ará ìlú jókòó, pé kí ìdàgbàsókè ti ìsàlẹ̀ wá, kó má jẹ́ àṣẹ láti òkè nìkan. Ọ̀mọ̀wé tó kàwé dójú àmì padà lọ jókòó láàárín àwọn tó bí i. Àpadàbọ̀ nìyẹn.

Lónìí ńkọ́? Owó orí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń san ni TETFund ń pín fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga. Inú ọgbà wo lẹ máa wọ̀ tí ẹ kò ní rí orúkọ rẹ̀ lára ògiri? Ògiri ṣe é yà ní fọ́tò, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí olùwádìí fi ń wọ ọkọ̀ lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu aláyan ẹja kò ṣe é ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Ní 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì dé ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, ìyanṣẹ́lódì ti ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba pa. Olùkọ́ tí owó oṣù kò tó jẹun ló ń fi àpò ara rẹ̀ ṣèwádìí, tó tún ń sanwó kí wọ́n tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde, nítorí iye ìwé tó tẹ̀ ni wọn yóò fi gbé e ga. Kò sẹ́ni tó bi í pé, "Ṣé àwọn tí o kọ̀wé nípa wọn gbọ́?" Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ náà sì mọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń ta odindi ìwádìí, tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù kó kọ sí i.

Àwọn kan ń sọ pé oògùn àti ẹ̀rọ ni kí a náwó lé, pé ọ̀rọ̀ àwùjọ lè dúró. Ṣé ó lè dúró? Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà ní ọsibítù orí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìdí tí ìyá tó wà lórí omi kì í fi í gbé ọmọ rẹ̀ lọ gbà á, bóyá owó ọkọ̀ ni, bóyá èdè ni, bóyá èébú tí wọ́n bú u lọ́jọ́ tó lọ kẹ́yìn ni? Oògùn tí kò dé ẹnu aláìsàn kò wo ẹnikẹ́ni sàn, olùwádìí àwùjọ ló sì lè sọ ibi tó ti há.

Àwọn kan ṣì ń ṣe é bó ti yẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Taibat Lawanson lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Èkó lẹ́nu ìwádìí lórí ibùgbé àwọn mẹ̀kúnnù ìlú yìí. Ní 2019, ẹgbẹ́ Code for Africa kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin Mákòkó bí wọ́n ṣe ń fi dúróònù ya àwòrán àdúgbò wọn, àdúgbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lórí máàpù rárá. Inú mi dùn sí i. Ó sì dùn mí pé kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́bàá omi wọn ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí yunifásítì àti ìjọba má ṣe fọwọ́ sí owó ìwádìí kankan tí owó àbọ̀ kò bá sí nínú rẹ̀: owó ọkọ̀ tí olùwádìí yóò fi padà lọ jókòó, kó sọ ohun tó rí ní Ègùn, ní Ìlàjẹ, ní Yorùbá, kó sì gbọ́ bí wọ́n bá ní, "Rárá, kò rí bẹ́ẹ̀." Kí ìjọba tó fẹ́ fọwọ́ kan ilé ẹnikẹ́ni sì kọ́kọ́ ka ohun tí àwọn onílé sọ. Owó nìkan kò lè tún ìwà ṣe, ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn náwó sí la fi ń mọ ohun tó kà sí.

Ní ìsàlẹ̀ ìwé ìbéèrè wa ìjọ́sí, àyè kan wà fún ọ̀rọ̀ mìíràn tí èèyàn bá ní láti sọ. Nínú ti ìyá aláyan ẹja, a fi àyè náà sílẹ̀ lófo, nítorí a kò ka ohun tó sọ sí èsì. Mo kọ ọ́ síbí báyìí, ó pẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni: "Mo ní kí ẹ padà wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa."